Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà, lórí àhesọ òṣèlú tí ń gba inú ímeèlì wọlé

Ẹ̀yin Ààrẹ, ẹ̀yin Akọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Ọwọ́ yín ni àkójọ àdírẹ́sì ímeèlì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, èyí tí a kó jọ fún ìkéde ìpàdé, owó ẹgbẹ́, òkú, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Nítorí àkójọ yẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Nígbàkígbà tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́, yálà ti ilẹ̀ yìí tàbí ti Nàìjíríà, ọ̀nà kan náà tí ìkéde ìsìnkú ń gbà ni àwọn lẹ́tà kan tí kò ní òǹkọ̀wé ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa: pé lágbájá kì í ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀, pé àwọn kan ń di rìkíṣí ní kọ̀rọ̀, pé ìjọba ti ṣe òfin tí wọn yóò fi pa àwọn arúgbó. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá ti gba inú àkójọ ẹgbẹ́ kọjá, tí a sì rí i pé irọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe rẹ̀ gba inú àkójọ kan náà, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí irọ́ náà dé.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo gba òwe náà gbọ́ fún ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ìta gbangba, ní ọjà tàbí níwájú ọba, níbi tí ẹni tí wọ́n ń purọ́ mọ́ ti lè gbọ́, kí ó sì fèsì. N kò gbà á gbọ́ fún ímeèlì, ohun tí ojú Barack Obama rí ní ilẹ̀ yìí ni mo sì fi ṣe ẹ̀rí.

Ní oṣù keje ọdún 2004, Obama, tí ó ṣì jẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois, sọ ọ̀rọ̀ àkànṣe níbi àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Boston, láti ọjọ́ náà ni gbogbo Amẹ́ríkà sì ti mọ orúkọ rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Andy Martin, ẹni tí ó ti du oríṣiríṣi ipò láìwọlé, fi ìwé síta fún àwọn oníròyìn pé Mùsùlùmí ni Obama àti pé ó ń fi í pamọ́. Àwọn oníròyìn kò ka ìwé náà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, tí Obama ń múra àtidu ipò ààrẹ, ọ̀rọ̀ náà ti di ímeèlì tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, tí àwọn ènìyàn ń ta látagbà láti ilé dé ilé. Ó ní ilé kéú àwọn alákatakítí ni Obama lọ ní Indonesia. Ó ní Àlùkùránì ni ó fi búra nígbà tí ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe hun àwọn irọ́ wọ̀nyí, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ni. Òótọ́ ni pé Obama gbé ní Jakarta nígbà èwe rẹ̀, láti ọdún 1967 títí di 1971, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé kéú yìí gbóná, CNN rán oníròyìn rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní oṣù kìíní ọdún 2007, ilé ìwé ìjọba lásán, tí ọmọ ẹlẹ́sìn gbogbo ń lọ, ni ó sì bá níbẹ̀. Ti Àlùkùránì náà ní ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kìíní yẹn kan náà ni Keith Ellison, aṣojú Minnesota tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, fi Àlùkùránì tí Thomas Jefferson ní nígbà ayé rẹ̀ ṣe ayẹyẹ ìbúra tirẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ṣe ní gbangba ni wọ́n gbé kọ́ Obama lọ́rùn. Àwọn kan tilẹ̀ fi kún un nísàlẹ̀ lẹ́tà pé Snopes, ibùdó tí ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, Snopes ti kọ ọ́ síta pé irọ́ ni. Onírọ́ náà mọ̀ pé bí a bá sọ fún ènìyàn pé ẹnìkan ti bá a wádìí ọ̀rọ̀, kò ní wádìí mọ́.

Danielle Allen, onímọ̀ kan ní Institute for Advanced Study ní Princeton, gbìyànjú láti tọpa lẹ́tà náà dé orísun rẹ̀. Ó ń mú gbólóhùn inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fara hàn. Ọ̀nà náà mú un dé ọ̀dọ̀ Andy Martin àti àwọn díẹ̀ mìíràn tí ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dì í ní ímeèlì tí ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kò hàn síta. Bí ògbóǹtarìgì olùwádìí kò bá rí i mú, kí ni a fẹ́ kí ìyá àgbà kan ní Houston ṣe?

Ohun tí ìyá àgbà yẹn rí yàtọ̀ sí èyí tí Allen ń wá. Bí lẹ́tà náà ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ni àwọn tí ń tà á látagbà ń gé orúkọ àwọn tí ó ṣáájú wọn kúrò kí ojú rẹ̀ lè mọ́, títí tí yóò fi ku orúkọ kan ṣoṣo lókè, orúkọ ẹni tí ìyá mọ̀. Orúkọ yẹn ni ó ń kà kí ó tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tí ó dúró tì í ní ilé ìwòsàn, tàbí ti alàgbà tí ó ṣe bàbá ìyàwó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ṣé yóò bi onítọ̀hún léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ? Ìfọkàntán tí a ní nínú ẹnìkan nítorí ohun tí ó mọ̀ ni a ń fi gba ohun tí kò mọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

R. Kelly Garrett, olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, fi ọ̀rọ̀ wá 600 ará Amẹ́ríkà lẹ́nu wò lórí tẹlifóònù lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2008, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ó rí i pé àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀ òṣèlú kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń bá àhesọ pàdé níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá èsì rẹ̀ pàdé pẹ̀lú, tí èkíní fi ń pa èkejì. Ti ímeèlì láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn tó ni ó ṣe ń gba àhesọ gbọ́ tó, ẹni tí ó bá sì ti gbà á gbọ́ ni ó ń fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò sí àjèjì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó fẹ́ràn wa ni.

Àwa Yorùbá tún ní tiwa lé e lórí. Ọmọ ọdún márùndínlógójì tí ó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yóò wo orúkọ àgbà tí ó wà lókè lẹ́tà, yóò rántí pé àwọn òbí òun náà wà nínú àkójọ, yóò sì pa á rẹ́ láìsọ nǹkan kan, nítorí pé a kì í pe àgbà ní òpùrọ́ lójú àwùjọ. Bí ó bá tilẹ̀ láyà, àgbà nìkan ni yóò kọ̀wé sí, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú “ẹ jọ̀wọ́ sà” àti “ẹ má bínú sà” tí ó pọ̀ ju ọ̀rọ̀ gan-an lọ. Àgbà náà lè gbà, ó tilẹ̀ lè dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù tí ó ti ka lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tako ó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa ni wọn yóò sì kà sí ìfọwọ́sí. N kò sọ pé kí a pa ọ̀wọ̀ àgbà tì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó lè sọ ọ̀rọ̀ náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn láìsí pé ọmọdé kan rí àgbà fín, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n kọ̀wé sí àwọn tí ń ta lẹ́tà látagbà.

Ẹ wo bí òtítọ́ ṣe sáré tó lórí ọ̀rọ̀ Obama. Nígbà tí àhesọ ti ẹ̀sìn ti bí òmíràn, pé kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ìpolongo rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ síta ní oṣù kẹfà ọdún 2008. Ní oṣù kẹjọ, FactCheck.org, ibùdó mìíràn tí ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn mú ìwé náà, wọ́n sì ti yà á ní fọ́tò. Kí oṣù kẹwàá tó parí, Chiyome Fukino, olùdarí ètò ìlera ní Hawaii lábẹ́ gómìnà tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìwé náà wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ìkéde ìbí ọmọ náà sì wà nínú ìwé ìròyìn Honolulu láti oṣù kẹjọ ọdún 1961. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2011, ààrẹ tí ó wà lórí oyè gbé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Síbẹ̀, nígbà tí Pew Research Center, ilé iṣẹ́ tí ń wádìí èrò ará ìlú, bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè ẹ̀sìn Obama ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní Mùsùlùmí ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, wọ́n ti di ìdá 18. Òtítọ́ bá irọ́ yìí, kò tilẹ̀ gba ogún ọdún. Orí tẹlifíṣàn àti inú ìwé ìròyìn ni ó ti bá a. Kò wọ inú àpótí ímeèlì tí irọ́ náà ti kọ́lé sí.

Ìgbà kan wà tí ó bá a lójúkorojú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ní Lakeville ní Minnesota, obìnrin kan dìde níwájú John McCain, ẹni tí ń bá Obama du ipò, ó ní òun kò lè fọkàn tán Obama nítorí pé Lárúbáwá ni. McCain gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní rárá, pé ọmọlúwàbí ni, tí ó ní ẹbí, tí èrò àwọn méjèèjì kàn yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Bí obìnrin náà bá ti tẹ ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ogójì ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ni, McCain kì bá tí gbọ́ rárá. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èyí ni Colin Powell, ọmọ ẹgbẹ́ Republican bíi ti McCain, sọ lórí tẹlifíṣàn pé Kristẹni ni Obama, ó sì tún bèèrè pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́. Ìbéèrè yẹn yẹ kí ó ti ẹnu wa jáde ṣáájú Powell, àwa tí Àlhájà àti díákónì jẹ́ ọmọ ìyá kan nínú ilé wa, tí a ń jẹ ẹran Iléyá tí a sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì láìbèèrè ẹni tí ó sè é. Ó dùn mí pé lẹ́tà tí ó fi ẹ̀sìn bàbá àwọn kan lára wa ṣe ẹ̀sùn lè gba àárín wa kọjá, kí a máà ní nǹkan kan sọ sí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe tuntun. Ímeèlì yìí kan náà wọ àárín àwọn Júù ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, àwọn olórí ẹgbẹ́ Júù, tí Anti-Defamation League, American Jewish Committee àti Simon Wiesenthal Center wà lára wọn, jọ fọwọ́ sí lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ènìyàn wọn, wọ́n ní irọ́ àti ìbanilórúkọjẹ́ ni, wọ́n sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ̀ ọ́. Wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dìbò fún Obama, wọn kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìbò fún un. Àwọn olóyè tiwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ yẹ kí ó ká wọn lára ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 501(c)(3), ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí, òfin yẹn kò sì gbà kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbè sẹ́yìn olùdíje tàbí kí ó tako olùdíje. Lẹ́tà tí ó bá ti àdírẹ́sì akọ̀wé jáde, ẹgbẹ́ ni wọn yóò mú fún un.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ó kàn wá jù, bí nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń tọ́jú arúgbó ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Ní ọdún 2009, nígbà tí ilé aṣòfin ń jíròrò àbádòfin H.R. 3200, tí ó ju ẹgbẹ̀rún ojú ewé lọ, ímeèlì kan bẹ̀rẹ̀ sí í to nọ́ńbà ojú ewé léra wọn, ó ń sọ ohun búburú tí ó wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé 425 ni ó gbajúmọ̀ jù: wọ́n ní níbẹ̀ ni ìjọba ti fẹ́ máa kọ́ àwọn arúgbó bí wọn yóò ṣe tètè kú. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn arúgbó, yóò sanwó fún dókítà tí aláìsàn bá fẹ́ bá jíròrò irú ìtọ́jú tí ó fẹ́ ní òpin ayé rẹ̀. Sarah Palin, ẹni tí ó bá McCain du ipò igbákejì ààrẹ ní ọdún 2008, pè é ní ìgbìmọ̀ ikú lórí Facebook ní oṣù kẹjọ, PolitiFact, tí òun náà ń yẹ ọ̀rọ̀ òṣèlú wò, sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe irọ́ tí ó tóbi jù ní ọdún náà. Àwọn aṣòfin yọ ọ́ kúrò nínú òfin. Ọdún 2016 ni Medicare tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó náà, láìpa ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ojú ewé ni ó gbé irọ́ yẹn nídìí, nítorí pé ó jọ ohun tí ẹni tí ó ka ìwé náà nìkan lè mọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ṣí ojú ewé náà wò kò pọ̀.

Orúkọ tí ó wà lókè ímeèlì pàápàá ṣeé yí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn olùdìbò kan ní Florida gba ímeèlì ìhàlẹ̀ tí ó jọ pé Proud Boys, ẹgbẹ́ alákatakítí kan tí ń ṣe ti Trump, ni ó kọ ọ́, pé kí wọ́n dìbò fún Trump tàbí kí wọ́n rí ìjà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé láti Iran ni ó ti wá. Nílé náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ímeèlì kan tí ó ru orúkọ News Agency of Nigeria dé ọ̀dọ̀ Channels Television ní Èkó, pé Ààrẹ Umaru Yar’Adua lè fi ipò sílẹ̀ nítorí àìlera. Channels kà á síta, NAN ní ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ ni ó ti wá, ìjọba sì ti ilé iṣẹ́ náà pa fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. N kò dá ìjọba láre lórí èyí rárá. Ìjọba tí ó fi àìsàn ààrẹ ṣe àṣírí ni ó fi ààyè sílẹ̀ fún àhesọ. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ìròyìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí bá lè ṣìnà nítorí orúkọ tí ó wà lókè ímeèlì, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa sọ pé àwa kò lè ṣìnà.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ ímeèlì ti di ti àtijọ́, pé WhatsApp ni gbogbo ènìyàn wà. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2019 ni WhatsApp kò ti gbà kí ènìyàn ta ọ̀rọ̀ kan látagbà sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún 2020 ó sì dín ti èyí tí ó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kù sí ibi kan ṣoṣo. Àkójọ tí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kò ní irú ìdènà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, àwọn àgbà wa tí kò sí lórí WhatsApp sì ń ka ímeèlì wọn láràárọ̀.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ọlọ́pàá. Ilé Ààrẹ gbìyànjú irú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, wọ́n ní kí ará ìlú fi ímeèlì tí ó bá mú ìfura lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlera ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan; àwọn alátakò ní orúkọ ènìyàn ni wọ́n ń kó jọ, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n fi ti àdírẹ́sì náà. Kí ẹgbẹ́ má ṣe tọ́jú orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ òṣèlú ránṣẹ́ kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọjọ́ tí ó kọ ọ́, àti ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó dúró ná. Bí èyí tí kò pé bẹ́ẹ̀ bá sì ti jáde, kí akọ̀wé kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sí gbogbo àkójọ, tí kò ní bú àgbà tí ó fi í ránṣẹ́, tí kò sì ní dárúkọ rẹ̀, tí yóò sọ pé lẹ́tà tí ẹ rí ní ọjọ́ báyìí, ohun báyìí tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, ibi báyìí ni òótọ́ rẹ̀ wà.

A ń dìbò ní ilẹ̀ yìí ní oṣù kọkànlá ní ọdún méjì méjì, Nàìjíríà sì ń dìbò ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Bí ẹ bá lè mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ṣáájú èyí tí ó kàn, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá sí i, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, inú mi yóò dùn láti wá ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìbéèrè.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan